Orí Keje: Owó Tó Lè Dúró

Ẹni tó bá mọ Bọ́ládé ní Òṣòdì yóò mọ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọlọ́jà fi ń tẹ́ ọjà sí ẹ̀gbẹ́ irin níbẹ̀, tí àwọn mìíràn ń tẹ́ tiwọn sí àárín irin gan-an: bàtà òkìrìkà, ata rodo nínú abọ́, ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó jọ bí òkìtì. Ìjọba ń lé wọn, wọ́n ń padà. Bí fèrè bá ti dún láti ọ̀nà Ìkẹjà, agboòrùn á ká, abọ́ á fà sẹ́yìn, ìyá tó ń ta bàtà á di igun ọ̀rá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, á gbé e mọ́ àyà, á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ á kọjá lọ gbì-gbì-gbì. Kí eruku rẹ̀ tó rọlẹ̀, bàtà ti padà sójú irin, oníbàárà ti tún ń ná an.

Ewu ẹ̀mí ni ìtajà lójú irin, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é. Ọkàn ìyá oníbàtà yẹn nígbà tí fèrè dún ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Kò bú sẹ́kún. Kò ta bàtà ₦5,000 ní ₦1,500 fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá, nítorí pé ọkọ̀ ń bọ̀. Ó ti rí i kó dé, ó sì ti rí i kó lọ, àìmọye ìgbà. Ó gbé ọjà rẹ̀ dání, ó dúró.

Ẹ wá gbé ìyá kan náà lọ sí ọjà ìpín ìdókòwò, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ṣíà. Ó ra ṣíà ní ₦10. Rédíò ní ọjà ti wó, ṣíà rẹ̀ di ₦7, ó di ₦5. Kò sùn lóru. Nígbà tó di ₦4, ó sáré tọ alágbàtà ṣíà lọ, ó ní kí ó bá òun tà á kíá. Àwọn tó gbọ́ á ní kò ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi, torí pé ó ń di ẹ̀bi ru ẹni tí kò jẹ̀bi. Ẹni tó ń jókòó de oníbàárà nínú oòrùn Òṣòdì láti àárọ̀ kùtù títí ilẹ̀ á fi ṣú, ta ni yóò kọ́ ọ ní sùúrù? Owó tó gbé wá sí ọjà ṣíà ni kí ẹ yẹ̀ wò. Owó kan wà tó lè dúró, òmíràn wà tí kò lè dúró, bó ti wù kí olówó náà le lọ́kàn tó.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ṣíà jẹ́ ìpín nínú ilé iṣẹ́. Bí ẹ bá ra ṣíà ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sìmẹ́ńtì, ẹ ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín, bó ti wù kí ìpín yín kéré tó. Ilé iṣẹ́ náà lè pín nínú èrè ọdún fún yín, ṣíà náà fúnra rẹ̀ sì lè gbówó lórí bí iṣẹ́ bá ń gbèrú. Ó yàtọ̀ sí àjọ. Alájọ tí ẹ ń dá ₦1,000 fún lójoojúmọ́ yóò mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù, yóò dá ìyókù padà fún yín. Ẹ ti mọ iye tí ẹ máa gbà kí oṣù tó parí. Ṣíà ń lé, ó ń dín, kò sì sí babaláwo tàbí alágbàtà tó lè sọ ọjọ́ tí yóò ṣe èyí tàbí ìyẹn.

Ọdún 1960 ni wọ́n dá ọjà ṣíà wa sílẹ̀ ní Èkó, òwò sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1961. Lagos Stock Exchange ni wọ́n ń pè é. Ó di Nigerian Stock Exchange ní 1977. NGX ni à ń pè é báyìí, ilé rẹ̀ sì wà ní Customs Street ní Marina. Láti 1984 ni wọ́n ti ń fi òǹkà kan wọn ọjà náà lápapọ̀. 100 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé ọjà ṣíà gòkè tàbí pé ó wálẹ̀, òǹkà yẹn ni wọ́n ń sọ.

Ní oṣù keje ọdún 2004, Chukwuma Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní owó tí kò dín ní bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Bílíọ̀nù 2 péré ni òfin ń béèrè tẹ́lẹ̀. Báńkì 89 ló wà. Nígbà tí gbèdéke pé, 25 ló kù. Láti rí owó náà, àwọn báńkì ta ṣíà fún aráàlú. Ìpolówó gba orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, fọ́ọ̀mù wà lórí káńtà báńkì, ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣíà rí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ nínú dáńfó. Ẹni tó rà lánàá rí èrè lónìí, ó sọ fún aládùúgbò, aládùúgbò náà rà. Lẹ́yìn náà ni ohun tó burú jù wọlé: àwọn báńkì ń yá aráàlú àti àwọn alágbàtà lówó láti fi ra ṣíà, wọ́n sì ń fi ṣíà náà ṣe ìdógò.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2008, òǹkà ọjà dé 66,371. Kò tíì dé ibẹ̀ rí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Àwọn aláṣẹ ọjà gbìyànjú ní oṣù kẹjọ láti fi òfin dá a dúró: wọ́n ní owó ṣíà kankan kò gbọ́dọ̀ já ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́. Iye tó wà lójú pátákó kò já púpọ̀ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ta ni yóò rà á ní iye yẹn nígbà tó mọ̀ pé yóò tún já lọ́la? Àwọn tó fẹ́ jáde kò rí ẹni tà fún. Wọ́n tún òfin náà ṣe nígbà tó yá. Nígbà tí 2008 parí, òǹkà náà ti di 31,450. Ní ìparí 2009, ó jẹ́ 20,827. Nínú ₦100,000 tó wọ ọjà náà lápapọ̀ lọ́jọ́ tó ga jù, nǹkan bí ₦31,000 ló kù.

Ẹ fi ọkàn bá mi padà sí Òṣòdì. Oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí ọjà ṣíà ń já lọ, ni ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá kó katakata wọ Òṣòdì, tí wọ́n wó àwọn ìsọ̀ tó ti gba ojú ọ̀nà. Ọ̀nà là, ọkọ̀ ń rìn geere, ọ̀pọ̀ èèyàn sì yin ìjọba. Ṣùgbọ́n ká ní ìyá kan wà níbẹ̀ tó ní ìsọ̀, tó sì ti kó owó tó ṣẹ́kù fún un sínú ṣíà báńkì lọ́dún tó ṣáájú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìsọ̀ lọ. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ padà sílé ìwé lọ́sẹ̀ kan náà. Níbo ni yóò ti mú owó? Inú ṣíà. Yóò tà á ní iye yòówù tí wọ́n bá sọ. Kì í ṣe ẹ̀rù ló mú un tà, ebi ni. Kódà bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ sọ̀yà fún un pé ọjà yóò padà gòkè, kò lè dúró.

Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má kó gbogbo owó yín sínú ìsọ̀ àti ṣíà láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ìsọ̀ náà lè wó. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, wọ́n tún wó ọjà Owónífàrí ní Òṣòdì, wọ́n ní kí àwọn ọlọ́jà kọjá sí ọjà Ìsọ̀pákódowó ní Bọ́ládé. Ẹni tó ní owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà níbi tó ti lè mú un lọ́jọ́ kan náà lè gba ìsọ̀ tuntun láìfọwọ́ kan ṣíà rẹ̀. Owó yẹn ló ń ra sùúrù fún un.

Ní ti ẹ̀rù fúnra rẹ̀, ó wà lára gbogbo wa, ó sì ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé oníbàárà kan ra ọjà lọ́wọ́ yín láàárọ̀, ẹ jèrè ₦20,000. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n yọ ₦20,000 lápò yín nínú dáńfó láti Òṣòdì sí Ìyànà-Ìpájà. Lórí ìṣirò, ẹ ò jèrè, ẹ ò pàdánù. Èwo lẹ máa sọ fún àwọn ará ilé tí ẹ bá délé? Oníbàárà àárọ̀ kò ní wọ inú ọ̀rọ̀ náà rárá. Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì láti Ísírẹ́lì, tẹ ìwádìí wọn lórí irú nǹkan báyìí jáde ní 1979. Nígbà tí wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1992, wọ́n ṣírò pé ìrora àdánù ju ìlọ́po méjì ayọ̀ èrè tó bá a dọ́gba lọ. Kahneman gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002. Tversky ti kú ní 1996.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń ṣí fóònù wo ṣíà rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Láàárín ọjọ́ kan sí èkejì, ọjà ń gòkè, ó ń wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ìwálẹ̀ kan bá dùn yín tó ìlọ́po méjì bí ìgòkè kan ṣe mú inú yín dùn, ìbànújẹ́ ni yóò pọ̀ jù nínú àkáǹtì ọkàn yín, kódà bí ọdún bá parí pẹ̀lú èrè. Shlomo Benartzi àti Richard Thaler ṣàlàyé èyí ní 1995: bí èèyàn bá ṣe ń wo ìdókòwò rẹ̀ léraléra tó ni yóò ṣe máa sá fún ṣíà tó. Ẹni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ń rí ohun mìíràn, bẹ́ẹ̀ ṣíà kan náà ni.

Ara pàápàá ń dá sí i. Ní 2008, John Coates àti Joe Herbert ti Yunifásítì Cambridge tẹ ìwádìí kan jáde nípa ọkùnrin 17 tó ń ṣòwò owó ní London. Wọ́n gba itọ́ ẹnu wọn fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ. Bí ọjà bá ti ń mì, hòmóònù tí wọ́n ń pè ní cortisol, èyí tí ara ń tú jáde nígbà ìpayà, ń pọ̀ sí i lára wọn. Ní 2014, Coates àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi oògùn gbé cortisol àwọn èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn sókè fún ọjọ́ mẹ́jọ. Àwọn èèyàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ewu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ka èyí, ohun kan yé mi nípa 2009. Ṣíà tí èèyàn ń jà dù ní ₦30 lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n ń tà á ní ₦6, kò sì wu ẹnikẹ́ni. Ìpayà ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní Bọ́ládé, bí bàtà ₦5,000 bá di ₦1,500, a ó ya bò ó. Ọjà ṣíà nìkan ni mo mọ̀ tí a ti ń sá fún ọjà tó dọ̀pọ̀.

Nítorí náà, ohun tí ọkàn yóò bá yín jà lé lórí nígbà ìpayà, kí ẹ ti parí rẹ̀ kí ìpayà tó dé. Bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí mo ní kí ẹ wò ni ọjọ́ tí ẹ kó owó náà jọ.

Ká mú owó yíyá ṣáájú. Ẹ ní mílíọ̀nù 1, ẹ yá mílíọ̀nù 1 kún un, ẹ fi mílíọ̀nù 2 ra ṣíà. Ọjà já sí ìdajì. Ṣíà yín ku mílíọ̀nù 1, ìyẹn gan-an ni gbèsè yín láìka èlé. Gbogbo ohun tí ẹ fi òógùn ojú yín kó jọ ti lọ, bẹ́ẹ̀ ìdajì péré ni ọjà fi já. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó yá yín lówó kò ní dúró kí ọjà padà gòkè. Ìdógò rẹ̀ ń yòrò lójú rẹ̀, yóò tà á. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìdógò bẹ́ẹ̀ bá já sọ́jà lọ́sẹ̀ kan náà, ọjà tó ń wálẹ̀ á di ọjà tó ń wó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn. Ẹ má fi owó yíyá ra ṣíà. Mi ò ní ìdí kankan tí mo lè rò tó fi yẹ kí ọlọ́jà ṣe é.

Owó ilé ìwé oṣù kẹsàn-án kò lè dúró. Owó ilé kò lè dúró. Owó tí ẹ fi ń ra ọjà sínú ìsọ̀ kò lè dúró, torí òun ló ń bọ́ yín. Owó tí ẹ kò ní nílò fún ọdún márùn-ún, ó dára jù kó tó mẹ́wàá, òun ló lè dúró. Ó lè jẹ́ ₦10,000 lóṣù péré. Kò kéré.

Ká fi ₦10,000 yẹn ṣírò. Ẹ ń ra ṣíà kan lóṣooṣù, bí a ṣe ń dájọ. Oṣù kìíní, ₦10 ni. Ẹ rí 1,000 rà. Oṣù kejì, ó já sí ₦8. Ẹ rí 1,250. Oṣù kẹta, ₦5. Ẹ rí 2,000. Oṣù kẹrin, ₦4, gbogbo ìlú ń sunkún. Ẹ rí 2,500. Oṣù karùn-ún, ó padà sí ₦8. Ẹ rí 1,250. Ẹ ti ná ₦50,000, ẹ ní ṣíà 8,000. Ní ₦8, owó yín jẹ́ ₦64,000. Ṣíà náà kò tíì padà dé ₦10 tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ẹ ti jèrè ₦14,000. Oṣù tí ẹkún pọ̀ jù ni ẹ rí ṣíà tó pọ̀ jù rà. Mo ti fi ìṣirò yìí han àwọn èèyàn lórí bébà, mo sì máa ń rí i kí ojú wọn là.

Ṣùgbọ́n ó lójú ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ilé iṣẹ́ náà bá kú, ṣíà 8,000 òkú lẹ ní. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, wọ́n sọ wọ́n di báńkì mìíràn lórúkọ mìíràn. Àwọn tó ní ṣíà nínú àwọn ti àtijọ́ kò rí nǹkan kan mú. Kò sí iye ọdún tí wọ́n lè dúró tí yóò gba owó yẹn padà. Torí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ má ta ṣíà láéláé kò sọ òótọ́ fún yín. Ìbéèrè kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ máa bi ara yín: iye tí wọ́n ń pè é ló já ni, àbí iṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ló ń kú? Bí wọ́n bá ṣì ń tajà, tí wọ́n ń jèrè, tí wọ́n ń pín in, fèrè ọkọ̀ lásán lẹ gbọ́. Bí wọ́n bá jẹ gbèsè dé ọrùn, tí ìròyìn owó wọn kò jáde lásìkò, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú irin. Níwọ̀n ìgbà tí kò sì sẹ́ni tó lè mọ gbogbo èyí dájú, ẹ pín owó yín sí ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi, kó má jẹ́ báńkì nìkan.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń polówó ṣíà kì í fẹ́ sọ. Ọdún 2023 ni òǹkà ọjà wa tó padà kọjá 66,371 ti 2008. Ọdún 15 gbáko! Láàárín àkókò yẹn, náírà ti di yẹpẹrẹ: dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦118 ní 2008 ti kọjá ₦900 nígbà tí 2023 parí. Òǹkà padà, agbára owó kò padà. Japan, tí a mọ̀ sí orílẹ̀-èdè olówó, òǹkà ọjà wọn dé 38,915 ní ìparí ọdún 1989. Ó di oṣù kejì ọdún 2024 kí wọ́n tó tún rí i. Àwọn tó kó gbogbo owó wọn wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí ariwo pọ̀ jù, ni àwọn ọdún yẹn gùn fún jù lọ. Ẹni tó ń rà díẹ̀díẹ̀ láti 2004 títí kọjá 2009 rà nígbà ariwo, ó sì rà nígbà ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Nígbà mìíràn sì rèé, ìpadàbọ̀ kì í pẹ́. Òǹkà ọjà wa bẹ̀rẹ̀ 2020 ní 26,842. Àrùn kòrónà dé, Èkó tilẹ̀kùn, ní oṣù kẹrin ó ti sún mọ́ 20,000. Ó parí ọdún náà ní 40,270. Ta ló mọ̀ ní oṣù kẹrin? Kò sí. Ẹni tí kò yá owó, tí owó oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́tọ̀, kò nílò kó mọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ìdókòwò lù yín ní jìbìtì. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní MMM ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù; ní oṣù kejìlá ọdún 2016 ló ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn. Ilé iṣẹ́ gidi kì í ṣèlérí iye tí ṣíà rẹ̀ yóò jẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Kí ẹ tó fún alágbàtà lówó, ẹ wádìí bóyá àjọ SEC tó ń ṣàkóso ọjà náà fún un níwèé àṣẹ. Kí ẹ sì rí i pé ṣíà yín wọ àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ yín ní CSCS, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ṣíà láti 1997.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Kí ẹ tó ra ṣíà àkọ́kọ́, ẹ mú bébà, ẹ kọ lẹ́tà sí ara yín. Ẹ kọ iye owó náà àti ibi tí ẹ ti rí i. Ẹ kọ ọdún tí ẹ máa nílò rẹ̀. Ẹ kọ ìdí tí ẹ fi yan ilé iṣẹ́ náà, àti ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ wọn tí ẹ ó fi tà á. Ẹ kọ orúkọ alágbàtà yín àti nọ́ńbà àkáǹtì CSCS, kí ẹ fi han ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán nílé, torí bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù owó èrè ṣíà ló wà nílẹ̀ lónìí tí kò sẹ́ni tó wá gbà á, nínú wọn ni ti àwọn tó kú láìsọ fún ẹbí. Ẹ kọ déètì sí i, ẹ fi sínú àpótí tí ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tí rédíò bá ní ọjà ti wó, ẹ lọ kà á kí ẹ tó pe alágbàtà.